Kérésì ń bọ̀: àwọn ẹlẹ́ṣin wa tí nǹkan ò rọgbọ fún, báwo la ṣe máa ṣe é lọ́dún yìí?

Ádímìn_Gàárì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin. Díṣẹ́ńbà ti wọlé, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí a ṣe máa ń ṣe é lọ́dọọdún, a fẹ́ mọ àwọn tó wà láàárín wa tí ọdún yìí le mọ́, bóyá iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ wọn, bóyá àìsàn ni, bóyá ẹni tí wọ́n jọ ń gbọ́ bùkátà ló kú, tàbí kó jẹ́ owó dókítà ẹran ló gbá gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan, tàbí tó bá jẹ́ ìwọ fúnra ẹ ni, ẹ MÁ kọ orúkọ síbí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀sì mi tàbí ti Ìyá_Ibùso, àwa méjèèjì nìkan la máa mọ ẹni tó ni í. Ohun tí wọ́n nílò nìkan la máa gbé síta, ẹni tó bá lè gbé e á sọ pé "mo gbé e", ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ sọ ni èyí. Lọ́dún tó kọjá ẹ̀bùn pọ̀ gan-an, bísíkíìtì ẹṣin, ìjánu aláràbarà, rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n so mọ́ irù, gbogbo ẹ̀ dáa, inú èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jánúárì máa fi lé díẹ̀, nínú àwọn kan náà ló tún ń wá koríko gbígbẹ. Kérésì ọjọ́ kan ni, ẹṣin ń jẹ lójoojúmọ́. Kí lẹ rò?

PátákòMẹ́rin
Ẹ bá mi fi orúkọ sí ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n nílò, èyíkéyìí tó bá wà. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ koríko yẹn, ẹṣin ò mọ rìbọ́ọ̀nù, á kàn jẹ ẹ́ ni 😂

Kẹ́ṣẹ́Wúrà
Ẹ má bínú o, èmi máa sọ ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn ò fẹ́ sọ. Ẹṣin kì í ṣe ohun tí wọ́n fi dandan lé fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá lówó tó máa fi bọ́ ẹ, kó tà á. Lọ́dọọdún la máa ń dá owó, lọ́dọọdún ni ẹni tí nǹkan le fún máa ń wà, ìgbà wo ló máa parí? Èmi náà ń ra koríko o, kò sẹ́ni tó ń bá mi san án.

Ìyá_Ibùso
Kẹ́ṣẹ́, mo gbọ́ ẹ, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ẹ́. Ẹṣin tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 25 sí 30. Ta lo mọ̀ tí owó tó ń wọlé fún un dúró sójú kan fún ọdún 25? Ọjọ́ tí wọ́n ra ẹṣin yẹn wọ́n lówó, iṣẹ́ ń lọ, ọkọ wà láyé, ara dá ṣáṣá. O ní kó tà á. Ta ló fẹ́ ra ẹṣin ẹni ọdún 22 tí oríkèé ẹsẹ̀ ń dùn, ní Díṣẹ́ńbà, nígbà tí gbogbo èèyàn ń wá bí wọ́n ṣe máa dín ẹnu tí wọ́n ń bọ́ kù? Ẹni tó máa ra irú ẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, ìwọ náà mọ ibi tó ń kó wọn lọ, ilé ìpẹran ni. Mo ti wà nídìí ẹṣin látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ẹni tí mo rí tí ó kọ́kọ́ dín oúnjẹ ara ẹ̀ kù kó tó dín ti ẹṣin kù pọ̀ ju ẹni tó pa ẹṣin tì lọ.

Kẹ́ṣẹ́Wúrà
Màmá, mo gbọ́. Ti arúgbó ẹṣin yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ní ẹṣin mẹ́fà nílẹ̀ tí wọ́n tún ń ra ìkeje, tó bá di Díṣẹ́ńbà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Irú ìyẹn ńkọ́?

Ádímìn_Gàárì
Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ yẹn, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tiẹ̀ ni ká bá a wá ibi tí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn máa lọ, kó tó kan ọ̀rọ̀ koríko. A máa bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin tó wà nílẹ̀ lálẹ́ òní, ó gbọ́dọ̀ jẹun lálẹ́ òní, ká tó máa bá olówó ẹ̀ jà.

Olówo_Ẹṣin
Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò fún yín torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ ṣèrànwọ́ ni kò mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ẹṣin máa ń jẹ koríko tó tó ìdá 1.5 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀ lóòjọ́. Ẹṣin tó wọn 500 kg, ìyẹn jẹ́ bí 7.5 sí 10 kg lójúmọ́. Ẹ mú un ní 10, oṣù kan á lọ sí 300 kg. Ìdì kékeré tí èèyàn lè dá gbé máa ń wà láàárín 15 sí 25 kg, tá a bá fi 20 ṣe é, ìdì 15 nìyẹn, ẹṣin KAN ṣoṣo, oṣù KAN ṣoṣo, ẹ ò tíì ka àwọn tó máa tú sílẹ̀ tí wọ́n á tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà òtútù ó tún ń pọ̀ sí i, torí koríko tó ń kẹ̀ nínú ìfun ńlá ẹṣin ni ara ẹ̀ fi ń móoru, ó dà bí iná ààrò tí wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kú.

Kò yẹ kó bà yín lẹ́rù o. Èèyàn márùn-ún, ìdì mẹ́ta mẹ́ta, oṣù kan ti tán. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí á má fi lé ẹnì kan lórí.

Nǹkan míì, kò sẹ́ni tó máa fi koríko ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ béèrè ẹni tó ń ta koríko fún ẹni náà tẹ́lẹ̀, ẹ san án fún ẹni yẹn tààrà. Ó mọ ọ̀nà ilé, ó mọ irú koríko tí ẹṣin yẹn ń jẹ, ẹṣin ò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ yí oúnjẹ padà lójijì, èyí tó lè dá inú rírun sílẹ̀.

AbẹṣinDúdú
Ẹ̀gbọ́n Olówo, ẹ ṣé gan-an. Ẹ wá fi kún un pé koríko ọ̀fẹ́ kì í ṣe koríko ìdọ̀tí o. Ẹnì kan gbé ìdì tó ti bu wá fún aládùúgbò mi rí, eruku funfun ló ń jáde lára ẹ̀, ó ní "ó ṣì dáa fún ẹni tí kò ní". Ẹṣin tó fẹ́ fún ti ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀ o! A kó o dànù lọ́jọ́ náà ni. Tó o bá mọ̀ pé o ò lè fún ẹṣin tìẹ, má fún ti ẹlòmíì jàre.

Ọmọ_Agẹṣin
Ẹ káàsán ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mi ò lówó o, ilé ìwé ni mo ṣì wà. Ṣùgbọ́n mo ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì ìgẹṣin tó ti kéré sí mi, ó ṣì mọ́ dáadáa, mo sì ní aṣọ òtútù ẹṣin méjì tí ẹṣin mi ò wọ̀ mọ́. Ṣé mo lè fi sílẹ̀?

Dókítà_Ẹran
Àbúrò, o ṣeun, ọkàn ẹ dáa. Aṣọ òtútù, bẹ́ẹ̀ ni. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì, rárá o. Èèyàn lè ti ṣubú pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fóòmù inú ẹ̀ á ti fọ́ mọ́ra, ojú ò ní rí i láti ìta, ọjọ́ tí ẹni tó gbà á bá tún ṣubú kò ní lè gbà á là. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan la máa ń fún èèyàn.

Aṣọ òtútù náà, ẹ fọ̀ ọ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Làpálàpá ẹṣin máa ń bá aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì rìn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti okùn orí ẹṣin tí wọ́n ti lò, ẹ fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́, pàápàá tó bá jẹ́ ibùso tí ẹṣin ti ṣe ikun nímú tí ọ̀fun ń wú ló ti wá, èyí tí wọ́n ń pè ní strangles. Àrùn yẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan ti tó láti gbé e láti ilé kan dé ilé kejì, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí àmì tó jáde. Kò yẹ kó jẹ́ àwa la máa fi àrùn ṣe ẹ̀bùn Kérésì.

Oògùn tó ṣẹ́ kù sílé, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bute, oògùn ìrora yẹn, tí wọ́n kọ fún ẹṣin tìẹ, ẹṣin tìẹ nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Tí ẹ bá fẹ́ ṣèrànwọ́ lórí oògùn, ẹ pe ọ́fíìsì dókítà ẹni náà kẹ́ ẹ san díẹ̀ sórí gbèsè tó wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gbà á.

Ọmọ_Agẹṣin
Háà, mi ò mọ ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn rárá. Ó dáa sà. Sáìsì aṣọ náà ńkọ́, mi ò rí lébẹ́ẹ̀lì lára ẹ̀ mọ́

AbẹṣinDúdú
Tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, fi téèpù wọn ẹ̀yìn ẹ̀ láti ibi tó máa bọ́ sí òkè èjìká ẹṣin, níbi tí irun ọrùn parí sí, títí dé ìdí irù, ìyẹn ni sáìsì ẹ̀, kọ ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà. Sọ bí òwú inú ẹ̀ ṣe nípọn tó, àti bóyá omi ń wọ inú ẹ̀. Aṣọ tí omi ń wọ inú ẹ̀ tí ẹṣin wọ̀ síta nínú òjò burú ju kó wà ní ìhòòhò lọ, irun tó yẹ kó dúró ṣánṣán ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ara ẹ̀ á wá tutù.

Ìyá_Ibùso
Àti pé Ọmọ_Agẹṣin, ọwọ́ ẹ méjèèjì ju hẹ́límẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹnì kan wà nínú ínbọ́ọ̀sì mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wúwo, ẹṣin méjì ló wà lọ́rùn ẹ̀. Owó kọ́ ni ìṣòro ẹ̀. Ìgbẹ́ ẹṣin ni. Ẹni tó máa kó o, tó máa gbé omi, ní àárọ̀ Kérésì nígbà tí gbogbo èèyàn wà nílé. Tí ibi tó ò ń gbé ò bá jìnnà, kọ sí mi.

Ọmọ_Agẹṣin
Mo ti kọ sí yín mà!!

Ẹṣin_Ìhà_Gúúsù
Ẹ má gbàgbé àwa tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé o, Kérésì tiwa àárín ooru ló bọ́ sí. Gbogbo ẹ̀ ń sọ aṣọ òtútù, aṣọ òtútù, òógùn ló ń pa àwa. Ọ̀dá ni wàhálà tiwa, tí òjò ò bá rọ̀ pápá á gbẹ, koríko á wọ́n, àwọn míì ń fi ọkọ̀ ra omi fún ẹṣin. Ẹṣin kan lè mu lítà 25 títí dé 55 lójúmọ́, nínú ooru tó tún ń ṣiṣẹ́ ó lè kọjá bẹ́ẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń kọ àtòkọ, ẹ jẹ́ kí omi náà wà níbẹ̀.

Ádímìn_Gàárì
Ó ti wọlé, a ti fi kún un. Ó dáa bó o ṣe sọ ọ́.

PátákòMẹ́rin
Ìbéèrè kan o, kì í ṣe pé mo fẹ́ da nǹkan rú. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé kì í ṣe oníjìbìtì? Níbòmíì tí mo wà, ẹnì kan gbé fọ́tò ẹṣin tó rù kan eegun síta, a dá owó, kó tó di pé ẹnì kan rí fọ́tò náà gan-an lójú ewé tó ti pẹ́, orílẹ̀-èdè míì pátápátá.

Ádímìn_Gàárì
Ìdí nìyẹn tá ò kì í fi fi owó ránṣẹ́ sí àkáùntì ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ta koríko la ń sanwó fún, ẹni tó ń kan bàtà ẹṣin, dókítà. Àwa méjèèjì máa ń pè wọ́n kọ́kọ́, a ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ ẹni yìí, ṣé ẹṣin ẹ̀ wà lóòótọ́. A tún máa ń ní kó ya fọ́tò tuntun ní ọjọ́ yẹn gan-an, kó fi ìwé tó kọ ọjọ́ sí mọ́ ọn. Oníjìbìtì máa ń bínú tó bá dé ibẹ̀ yẹn, ẹni tó nílò nǹkan lóòótọ́ kì í bínú. Rìsíìtì gbogbo ẹ̀ máa wà fún ẹni tó bá sanwó, orúkọ ẹni tó gbà á nìkan la máa pa mọ́.

Ìjánu_Fàdákà
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi wà lára àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ rí, kì í ṣe níbí, ibòmíì ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ẹni tó ń ta koríko fún mi pè mí pé wọ́n ti sanwó koríko mi títí di òpin Fẹ́búárì. Mo bi í pé ta ni, ó ní òun ò ní sọ, kí n kàn máa sọ ọjọ́ tí mo fẹ́ kó gbé e wá. Kò sẹ́ni tó ní kí n ya fọ́tò pẹ̀lú koríko. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ lẹ́tà ọpẹ́ gígùn síta kí gbogbo ayé rí i. Mo tún rí ibi tí wọ́n ti ṣe é lọ́nà kejì, tí wọ́n gbé kámẹ́rà dé ẹnu ọ̀nà ibùso obìnrin kan, ó ń rẹ́rìn-ín fún wọn, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Kò tún béèrè nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹṣin ẹ̀ nílò ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kẹ́ṣẹ́Wúrà
Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa sọ pé ẹni tó dáwó fẹ́ mọ̀ pé ẹṣin jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé a fẹ́ kó sunkún fún wa.

Ìyá_Ibùso
Fọ́tò ẹṣin, láìsí èèyàn níbẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó tó bẹ́ẹ̀ àbí?

Kẹ́ṣẹ́Wúrà
Ó tó. Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù, tẹ́ ẹ bá nílò ẹni tó máa gbé koríko. Epo lọ́rùn yín o.

Ádímìn_Gàárì
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àtòkọ àkọ́kọ́ rèé, ẹ kọ "mo gbé e" sábẹ́ ẹ:

– Koríko oṣù méjì, ẹṣin kan àti póni (ẹṣin kékeré) kan. Iṣẹ́ ló bọ́.
– Aṣọ òtútù tí omi ò lè wọ̀, 145 cm, òwú 200 g. Ẹṣin arúgbó, kò sanra.
– Owó ẹni tó ń gé pátákò, ẹṣin mẹ́ta. Ó ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló yẹ kó jẹ́.
– Ẹ̀bùn Kérésì fún ọmọ méjì, ọmọ ọdún mẹ́jọ àti mọ́kànlá. Wọ́n fẹ́ràn ẹṣin bí ìyá wọn.
– Omi, ọkọ̀ kan lọ́sẹ̀ títí òjò á fi rọ̀.
– Owó dókítà fún abẹ́rẹ́ ìkẹyìn (èyí tó máa jẹ́ kó sùn lọ láìjìyà), ẹṣin ẹni ọdún 31, àti owó àtigbé òkú ẹ̀ kúrò.

PátákòMẹ́rin
Mo gbé tàwọn ọmọ

Olówo_Ẹṣin
Mo gbé ìdajì koríko yẹn, ẹnì kan bá mi gbé ìdajì tó kù

AbẹṣinDúdú
Mo gbé ìdajì kejì. Aṣọ 145 ti wà nílé mi, mo fọ̀ ọ́ lánàá.

Ẹṣin_Ìhà_Gúúsù
Omi di tèmi. Mo mọ ẹni tó máa gbé e.

Ìjánu_Fàdákà
Owó gígé pátákò yẹn, mo gbé e.

Ewé_Pápá
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ṣé ó yẹ kó wà nínú ohun Kérésì? Ó kàn ń bà mí nínú jẹ́ ni. Ká fi owó ṣe ìyẹn nígbà tí ẹṣin tó máa yè wà…

Dókítà_Ẹran
Ó yẹ kó wà níbẹ̀, kódà mo rò pé ó yẹ kó wà lókè pátápátá. Mi ò mọ ẹni tó ni í, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹ̀ dáadáa. Ẹṣin ẹni ọdún 31, eyín ti tán, kò lè jẹ koríko mọ́, ó ń lọ̀ ọ́ sínú ẹnu kó tó tu ú dànù. Tó bá dùbúlẹ̀ nínú yìnyín lálẹ́, kò ní lè dìde. Olówó ẹ̀ mọ̀ pé àsìkò ti tó, kò kàn ní owó ẹ̀ ni. Ẹ sì mọ̀ pé owó àtigbé òkú ẹṣin kúrò nílẹ̀ lè ju owó abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹni yẹn á máa wò ó, á máa sọ pé "ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di ìgbà tówó bá wọlé", ẹṣin ló ń jìyà ẹ̀. Ẹṣin ò lè bì o, tí inú rírun bá gbé e lóru Kérésì, dókítà tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lásìkò yẹn wọ́n ju ti ọjọ́ tí wọ́n fi ètò sí lọ, ikú náà ò sì ní rọrùn rárá.

Ewé_Pápá
Mi ò rò ó débẹ̀. Mo gbé ìdá kan nínú ẹ̀, ẹ sọ iye fún mi ní ínbọ́ọ̀sì.

Olówo_Ẹṣin
Mo gbé ìyókù. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má jẹ́ kó di lẹ́yìn ọdún.

Dókítà_Ẹran
Ẹ ṣé. Kí n má gbàgbé, ohun méjì míì fún ẹ̀yin tó máa lọ tọ́jú ẹṣin ẹlòmíì lásìkò yìí. Ẹni tó bá bá ẹṣin tó rù gan-an, tó jẹ́ 1 tàbí 2 lórí òṣùwọ̀n Henneke, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ẹṣin ṣe rù tàbí sanra tó, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 9, ẹ má tìtorí àánú da ọkà sí i lẹ́nu. Àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Davis ti yẹ̀ ẹ́ wò, koríko álúfálúfà (alfalfa) díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ló dáa jù níbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ oníṣúgà bí ọkà lójijì lè pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, nígbà tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti bọ́. Ẹ pe dókítà kọ́kọ́.

Ìkejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ewé ṣe ilẹ̀kùn ibùso lẹ́ṣọ̀ọ́, ẹ má lo ewé yew, igi olóró kan ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹ̀ ń pa ẹṣin, nígbà míì kò ní ṣàìsàn rárá, wọ́n á kàn bá òkú ẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí orí ẹ̀ ò lè dé ni kẹ́ ẹ so ohunkóhun sí.

Ọmọ_Agẹṣin
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ síbi tí Màmá Ìyá_Ibùso rán mi lọ. Mo ti mọ ibi tí báro wà, mo mọ èyí tó máa ń gé èèyàn jẹ nínú àwọn ẹṣin méjèèjì 😭 wọ́n ní kí n máa fún wọn ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, pé nínú òtútù wọ́n kì í mu omi tutù tó, oúnjẹ á wá gan mọ́ wọn nínú. Àárọ̀ Kérésì àti ọjọ́ kejì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan lè bá mi mú alẹ́ ọjọ́ kejì yẹn? Àwọn òbí mi ò ní jẹ́ kí n jáde lálẹ́.

Kẹ́ṣẹ́Wúrà
Mo gba alẹ́ yẹn. Èwo ló ń géni jẹ?

Ọmọ_Agẹṣin
Abo pupa yẹn sà. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i tẹ́ ẹ bá ń da oúnjẹ

Ádímìn_Gàárì
Àtòkọ kejì máa jáde lọ́jọ́ Ẹtì, èèyàn mẹ́rin ti kọ sí mi láti àárọ̀. A ò ní tì í lẹ́yìn Kérésì, ó máa wà ní ṣíṣí títí koríko tútù á fi hù padà. AbẹṣinDúdú, aṣọ 145 yẹn, ṣé ó ní ìborùn àbí kò ní? Ẹni tó fẹ́ gbà á ní irun ọrùn ẹṣin òun ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò fẹ́ kí ìborùn máa ha á.

AbẹṣinDúdú
Ó ní, ṣùgbọ́n ó ṣeé tú. Mo máa yọ ọ́ kí n tó fi ránṣẹ́ lọ́la.